Ṣé Ilẹ̀ Èkìtì Ni Kò Bá Wọn Lára Mu, Àbí Iṣẹ́ Tí A Gbé Lé Wọn Lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Adó ni mò ń gbé. Bàbá wa fi oko kòkó àti oko iṣu sílẹ̀ fún wa ní apá Ìkọ̀lé-Èkìtì, èmi ni mò ń bójú tó o. Àwọn ọmọ Tífì mẹ́rin láti Bẹ́nùé àti ọkùnrin méjì láti Tógò ló ń ṣiṣẹ́ ọdún fún wa níbẹ̀. Méjì nínú wọn kó ìyàwó àti ọmọ wá. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Tífì náà fín oògùn kòkòrò sí kòkó tán, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó kó wọn wá fún un ní epo pupa mu. Ó sàn, ṣùgbọ́n títí di òní kò lókun, ó ní ojú òun ń ṣe bàìbàì. Àwọn ará abà ní ilẹ̀ Èkìtì ni kò bá a lára mu, pé bó ṣe máa ń ṣe àwọn àjèjì nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni agbára mi ká láti ṣe? Ṣé kí n kúkú dá a padà sílé ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kánjú. Ọmọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rìn, ó sì ń jẹun. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì wà ní Adó níbi tí ẹ wà. Èyí tó bá rọrùn fún yín ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹni tó máa sìn ín lọ mú ike oògùn tó fín dání, ì báà ṣófo, kí wọ́n wé e sínú ọ̀rá. Bí ike náà ò bá sí mọ́, ẹ ya fọ́tò irú rẹ̀ ní sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Orúkọ èròjà tó wà lára ike yẹn ni dókítà nílò jù, torí pé ọ̀nà tí oògùn kòkòrò kan ń gbà pani lára yàtọ̀ sí ti èkejì.

Itọ́ tó ń dà, èébì, ara gbígbọ̀n, ojú bàìbàì: bí wọ́n bá kóra jọ báyìí lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn kòkòrò, májèlé ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Nínú ara wa, èròjà kan wà tó ń gbé àṣẹ dé ọ̀dọ̀ iṣan. Bí iṣan bá ti gba àṣẹ tán, èròjà mìíràn á wá pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí iṣan lè sinmi. Àwọn oògùn kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní organophosphate máa ń de èròjà kejì yìí lọ́wọ́. Àṣẹ ò wá dáwọ́ dúró mọ́: itọ́ ń dà, òógùn ń ṣàn, inú ń ru, ìgbẹ́ ń ya, ọmọlójú á fún di kékeré, àyà á há, ẹran ara á máa fò fúnra rẹ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn níbẹ̀ ni pé omi máa ń kún ẹ̀dọ̀fóró, iṣan tí a fi ń mí á sì rẹ̀. Oògùn tó ń kojú rẹ̀ wà, atropine lorúkọ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń fi fúnni nílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ epo pupa yìí ń dùn mí púpọ̀, nítorí mo mọ bó ṣe fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Ẹni tó gbé májèlé mì, epo. Ẹni tí èéfín mú, epo. Ẹni tí oògùn kòkòrò mú, epo. Màmá, epo kì í pa májèlé. Ẹni tó ń bì, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, bí wọ́n bá da epo sí i lẹ́nu, epo náà lè ṣì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn nìkan tó pa á. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn kòkòrò yìí ló sì máa ń yòrò sínú ọ̀rá, epo ò lè dí wọn lọ́nà. Ẹ tún wò ó dáadáa: ọmọkùnrin yín ò mu oògùn. Awọ ara rẹ̀ ló gbà á wọlé. Kí ni epo tó wà níkùn fẹ́ ṣe sí oògùn tó gba awọ ara wọlé? Ó sàn nítorí pé èyí tó wọ ara rẹ̀ ò tó èyí tí ń pani, kì í ṣe nítorí epo.

Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, aṣọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ kúrò lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, títí kan irun àti abẹ́ èékánná. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí oògùn bá kan ojú, kí wọ́n máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán. Kí wọ́n má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù nù ún. Ṣe ni ìyẹn tún ń ti oògùn wọnú ara. Kí wọ́n má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Kí wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá ọkọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí àwọn ará abà sọ. Ilẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń tẹ̀, omi kan náà ni wọ́n ń mu. Bó bá jẹ́ pé àjèjì ló ń ṣàìsàn jù, ẹ béèrè ta ló ń gbé tánkì ìfínko. Ta ló ń sùn sínú ilé tí wọ́n kó kẹ́míkà sí? Ta ni kò lè sọ pé ara òun ò yá? ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ka iṣẹ́ oko mọ́ àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tó léwu jù láyé, pẹ̀lú ìwakùsà àti ilé kíkọ́. Nínú iṣẹ́ eléwu yìí, ibi tó léwu jù níbẹ̀ ni a máa ń fi àjèjì sí. Kò sí ohun tí ilẹ̀ fi ṣe wọ́n.

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá ń fín oògùn, ẹ dúró lókèèrè níbi tí atẹ́gùn ò ti ní gbé e bá yín, kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó gbé tánkì. Tánkì náà ń gba nǹkan bí lítà 16, ìyẹn ju kílò 16 lọ, ẹ̀yìn ló gbé e kọ́ tó fi ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí rọ́bà inú ìdérí rẹ̀ bá ti gbó, gbogbo ìgbésẹ̀ tó bá gbé ni oògùn á máa ta sí i lẹ́yìn, á máa ṣàn wálẹ̀ dé ìbàdí àti abẹ́. Ẹ̀wù rẹ̀ á ti rin, kò sì ní bọ́ ọ títí dìrọ̀lẹ́. Agolo kan ló fi ń wọn oògùn, agolo yẹn kan náà ni wọ́n máa fi bu gàárì lálẹ́. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, á yọ ọ́, á fi sẹ́nu, á fẹ́ ẹ fùú, á tún un dè, á máa bá iṣẹ́ lọ. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti rí èyí lóko àwọn ènìyàn dáadáa, àwọn tí wọn kì í fẹ́ ibi bá ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé imú ni oògùn ń gbà wọlé, wọ́n á wá ra ìbòmú, wọ́n á rò pé ó ti tán. Lára ẹni tó ń fín oko, awọ ara ni ọ̀nà tó gbòòrò jù. Gbogbo ibi kọ́ ló sì ń gbà á bákan náà: iwájú orí, awọ orí, abíyá àti abẹ́ ọkùnrin máa ń fà á mu kíákíá ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òógùn àti ooru á tún fi kún un. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé owó díẹ̀ lẹ ní, ẹ má kọ́kọ́ ná an sórí ìbòmú. Ẹ fi pààrọ̀ rọ́bà ìdérí tánkì, ẹ ra ẹnu ẹ̀rọ mìíràn fún ìpamọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ẹnu fẹ́ èyí tó dí. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn àti bàtà òjò, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ẹnu bàtà láti òde. Bí wọ́n bá ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọnú bàtà, inú bàtà ni oògùn á máa dà sí. Ẹ ge tapólì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n á máa fi bo ẹ̀yìn kí wọ́n tó gbé tánkì kọ́. Kí jálá omi lítà 25 àti ọṣẹ wà nínú oko ní ọjọ́ ìfínko, kí ó má jẹ́ pé odò ni wọ́n ń wá lọ. Kí wọ́n fín in ní kùtùkùtù nígbà tí atẹ́gùn ò tíì le, kí wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Ìwé ara ike oògùn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó ń sọ Tífì tàbí èdè àwọn ará Tógò, tó bá tilẹ̀ mọ̀wé, ibo ló ti fẹ́ kà á? Àmọ́ àwọ̀ kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà tí kò nílò èdè: pupa ni èyí tó burú jù, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ló wá fúyẹ́ jù. Ẹ fi kọ́ gbogbo wọn, kódà àwọn ìyàwó. Kí ẹ sì ṣe é lófin pé oògùn tó bá ní àwọ̀ pupa ò ní wọ oko yín.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí òfin ti lé kúrò lọ́jà. NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024, ó fòfin de chlorpyrifos, oògùn kòkòrò, láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ó sì fòfin de atrazine, oògùn koríko, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025. Bí wọ́n bá ṣì gbé ọ̀kan nínú wọn wá fún yín, ẹ má rà á. Paraquat yìí, oògùn koríko, ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹnu kan péré tí àgbàlagbà bá ṣèèṣì gbé mì lè pa á, kò sì sí oògùn kankan tó ń pa agbára rẹ̀. Ẹnu àti ọ̀fun á kọ́kọ́ bó, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀fóró á wá máa le, á máa há. Orí aláìsàn á pé pérépéré, á máa bá yín sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èémí ń tán lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá wá rọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kó lè gbé e lọ sóko, tó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ọmọdé tàbí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló máa gbé e. Ẹ má gbà kí wọ́n rọ oògùn kankan kúrò nínú ike tirẹ̀ láé. Ike tó bá ti ṣófo, kí wọ́n fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n da omi náà padà sínú tánkì, kí wọ́n lu ike náà jálẹ̀. Mo mọ̀ pé ike yẹn dára, ìdérí rẹ̀ sì le, ìdí nìyẹn gan-an tí wọ́n fi ń rọ epo àti omi mímu sínú rẹ̀.

Màmá, ohun tí mo wá fẹ́ sọ gan-an nìyí, ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí à ń gbà sanwó fún wọn ń fi kún àìsàn wọn. Ní ọ̀pọ̀ oko kòkó lágbègbè wa, owó ọdún ni wọ́n ń dá fún òṣìṣẹ́, ìgbà tí ọdún bá parí ló máa gbà á lódindi. Kó tó dìgbà náà, oúnjẹ, ibùsùn àti owó ọṣẹ ni. Bó bá wá ṣàìsàn lóṣù Kẹjọ, tó ní òun fẹ́ relé, ó lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé ojú òun ń ṣe bàìbàì? Á gbé e mọ́ra ni. Á ra oògùn ara-ríro lọ́wọ́ onítíréè, ó sì lè jẹ́ tramadol, kó lè parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Tramadol á mú kó má mọ̀ pé ó rẹ òun, ó sì lè fa gìrì, bẹ́ẹ̀ àdá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kó wọn wá náà ní tirẹ̀ nínú owó ọdún. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tó bá wù ú kí ẹ gbọ́ lẹ máa gbọ́.

Láti ìgbà tí ìjínigbé ti gbòde, ẹ̀rù tún kún ẹ̀rù. Lálẹ́, ọlọ́kadà ò ní wọ oko lọ gbé àjèjì tí kò mọ̀. Àjèjì náà ń bẹ̀rù pé bí òun bá jáde sójú títì lóru, àwọn ẹ̀ṣọ́ á bi òun léèrè ibi tí òun ti ń bọ̀. Ará Tógò tí kò ní ìwé lọ́wọ́ tún ń bẹ̀rù nọ́ọ̀sì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún ọmọ Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ láyè láti wọlé wá síbí láìgba físà fún 90 ọjọ́, kí ó sì gbàwé ìgbélùú tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wọn parí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn, ọkàn wọn á balẹ̀ láti lọ sílé ìwòsàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé kí ni agbára yín ká, owó ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, kì í ṣe ìbọ̀wọ́. Ẹ máa san apá kan owó ọdún lóṣooṣù, sí ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé ọjọ́ àìsàn ò ní dín owó kù, pé ẹni tó bá sì lọ láàárín ọdún máa gba owó oṣù tó ti ṣe. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ti ẹbí rẹ̀ kan nílé. Ẹ bá ọlọ́kadà kan ní Ìkọ̀lé ṣàdéhùn, kí ó wá mọ oko náà lójú ọ̀sán, kí wọ́n mọ̀ ọ́n, kí ó mọ̀ wọ́n, kí ó lè wá bí wọ́n bá pè é lóru. Ẹ mú gbogbo wọn lọ síwájú baálẹ̀ àbúlé tó sún mọ́ ibẹ̀ jù, àti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ilé ìlera alábọ́ọ́dé, kí wọ́n dá wọn mọ̀ lójú.

Lẹ́yìn owó, ibi tí wọ́n ń sùn. Bó bá jẹ́ pé yàrá kan náà ni kẹ́míkà, ọkà àti ènìyàn jọ wà, ẹ yà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí òjò tó kàn tó rọ̀. Ìdí tí mo fi dárúkọ òjò ni pé oògùn oníhóró kan wà tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀wà àti àgbàdo kí kòkòrò má bàa jẹ wọ́n, aluminium phosphide. Tí ọ̀rinrin bá ti kàn án, á di gáàsì, gáàsì náà á tàn ká yàrá lóru. Òórùn rẹ̀ lè dà bíi ti ááyù tàbí ẹja tó ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó sùn ò ní gbọ́. Odindi ìdílé lè sùn kí wọ́n má jí, kò sì sí oògùn tó ń pa agbára òun náà. Kò gbọdọ̀ sí hóró kan ṣoṣo rẹ̀ nínú ilé tí ènìyàn ń sùn, tàbí nínú yàrá tó fara ti ibẹ̀.

Ọkà tún máa ń pe eku, eku ló sì ń gbé ibà Lásà wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Ọdún 1969 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀ ní ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé tì wá wà lára ibi tó ti ń jà jù lónìí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní Èkìtì náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ ra korobá onídèérí fún gàárì wọn, kí wọ́n má sá gàárì sórí ilẹ̀, kí wọ́n má sì pa eku inú ilé jẹ. Tí ibà ẹnì kan ò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tó ti ń lo oògùn ibà, ẹ má jẹ́ kó pààrọ̀ oògùn ibà sí òmíràn. Ilé ìwòsàn ni. Oògùn Lásà ń ṣiṣẹ́ dáadáa bó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní ibùdó tó ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ìyàwó ńkọ́? A máa ń gbàgbé wọn torí pé wọn kì í gbé tánkì. Àwọn ló ń fọ aṣọ tí ọkọ fi fín oko, ọwọ́ lásán, nínú abọ́ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ọmọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú oyún nínú. Aṣọ ìfínko gbọ́dọ̀ ní abọ́ tirẹ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, kí omi rẹ̀ má sì wọ odò. Kí obìnrin tó lóyún àti ọmọdé má wọ ibi tí wọ́n ti fín oògùn títí ọjọ́ tí ike kọ sílẹ̀ á fi pé. Àwọn tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára lè má dé abà yín. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wo káàdì àwọn ọmọ yẹn. Kí ọmọ tí kò tíì tó ọdún 18 má sì fọwọ́ kan kẹ́míkà, ì báà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló rán an.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bá iṣẹ́ yìí mu ni odò àti igbó. Ọmọ onílẹ̀ mọ odò tí wọ́n ń wẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ ẹ̀jẹ̀, ó mọ àpáta tí paramọ́lẹ̀ ń sá oòrùn sí. Àlejò ò mọ̀ ọ́n. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, àtọ̀sí ajá, inú omi tí ìgbín odò wà ló ti ń wọ awọ ara, oògùn rẹ̀ ni praziquantel. Nítòsí odò tó ń sáré, eṣinṣin kékeré dúdú kan tó ń jẹni lọ́sàn-án ló ń gbé àrùn tó ń yún ara, tó sì ń fọ́ ojú nígbẹ̀yìn. Oògùn rẹ̀, Mectizan, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ń pín in ládùúgbò lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìwé orúkọ àwọn onílé ni wọ́n fi ń pín in, orúkọ àwọn ọmọ inú abà kì í sì í sí níbẹ̀. Ẹ lọ kọ orúkọ wọn sí i.

Ní ti ejò, bàtà òjò àti tọ́ọ̀ṣì ló ń gbani jù. Bó bá bu ẹnì kan jẹ, kí wọ́n má di ẹsẹ̀ náà le, kí wọ́n má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí wọ́n má fẹnu fà á. Kí ẹni náà má rìn, kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbè é lẹ́sẹ̀ kó má mì, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí oògùn tó ń pa oró ejò wà. Bí sèbé bá tutọ́ síni lójú, omi púpọ̀ ni. Ọgbẹ́ àdá ní tirẹ̀ ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kò wọ́n, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn gbà á kí wọ́n tó ṣá ara wọn lọ́gbẹ́.

Ohun kan ṣoṣo wà tí mo fi gbà pẹ̀lú àwọn ará abà: ara ẹni tuntun nílò àsìkò. Ara tí kò tíì mọ iṣẹ́ inú ooru kì í lè tu ara rẹ̀ lára dáadáa, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ooru sì máa ń dá gúnlẹ̀ jù. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbé ju ìdá kan nínú márùn-ún iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ń kọ ebè nínú oòrùn yẹ kó mu tó píọ̀wọ́tà kan àtààbọ̀ láàárín wákàtí kan, kó sì máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ní El Salvador àti Nicaragua, kíndìnrín àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé ìrèké ti bà jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn oníṣègùn sì ka ooru àti àìrí omi mu sí ara ohun tó fà á. Ibẹ̀ jìnnà, ṣùgbọ́n oògùn ara-ríro lórí òùngbẹ, ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ lóko wa, kíndìnrín ni ó sì ń bà jẹ́.

Ẹ tún mọ̀ pé òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ kan àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni náà. NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ló ń bójú tó o. Òfin NHIA, àjọ adójútòfò ìlera, ti ọdún 2022 sì sọ pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà àti àjèjì tó ń gbé níbí lọ́nà òfin ní ìwé adójútòfò ìlera. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ wa ní Adó.

Ó wá ku ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn, bóyá kí ẹ dá ọmọkùnrin yẹn padà. Ẹ má tíì dá a padà. Èròjà tí májèlé yẹn dè lọ́wọ́, inú ẹ̀jẹ̀ pupa ni apá kan rẹ̀ wà, àfi kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun kó tó kún padà, èyí sì lè gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Láàárín àkókò yẹn, ìwọ̀nba oògùn tí kò ní ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan lè dá a gúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó bá padà sílé láìgba owó, oko ẹlòmíràn ló máa lọ, tánkì ni wọ́n sì máa gbé fún un. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ojú rẹ̀, kí ó sì yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò dáadáa, torí pé àwọn oògùn kan máa ń dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún cholinesterase, èròjà tí májèlé ń dè lọ́wọ́ yẹn. Títí oṣù mẹ́rin á fi pé, kí ó máa sá kòkó, kí ó máa tọ́jú iṣu, kí ó má sún mọ́ kẹ́míkà, kí owó rẹ̀ sì pé. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ní ilé ń pe òun, ẹ san owó oṣù tó ti ṣe fún un, ẹ bá a san owó ọkọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ oògùn tó fín, ọjọ́ tó fín in àti ohun tó ṣe é sínú ìwé kan kó mú un lọ́wọ́, kí dókítà tó bá rí i ní Gboko tàbí Makurdi lè mọ ibi tí ó ti máa bẹ̀rẹ̀.